Ọ̀nà Tí Irin Ń Gbà Wọ Eegun Apá

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa ní Ọ̀fà

 

Nígbà tí akọ̀wé wa sọ pé èmi ni n ó sọ̀rọ̀ lóṣù yìí, ó rò pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni n ó tún gbé dé. Ọ̀rọ̀ owó oṣù kò sá lọ, a ó padà sí i. Lónìí, ọ̀rọ̀ eegun kan ṣoṣo ni mo gbé wá, èyí tí ó wà láàrin èjìká àti ìgúnpá, àti ọ̀rọ̀ irin tí àwọn dókítà ń kì bọ inú rẹ̀ nígbà tí ó bá dá. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ rọra. Mo mọ̀ pé èmi kì í ṣe dókítà. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà, ìyókù jẹ́ ti kíláàsì alẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti tẹ̀lé ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta lọ sí ilé ìwòsàn nítorí apá tí ó dá, mo sì ti bi àwọn dókítà ní ìbéèrè títí òmíràn nínú wọn fi ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde bí ó bá rí mi. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn, tí mo sì padà lọ wá nínú ìwé, ni mo fẹ́ fi tó yín létí.

Ta ni nínú wa tí kì í ṣe apá rẹ̀ ni ó ń tà? Alábàárù tí ó ń ju àpò símẹ́ńtì sórí tírélà, dẹ́rẹ́bà tí ó di sítíárín mú láti ìdájí, kọndọ́kítọ̀ tí ó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ẹni tí ó dúró ti ẹ̀rọ ní òru. Bí ẹsẹ̀ akọ̀wé ọ́fíìsì bá dá, ó lè fi igi rìn dé ìdí tábìlì rẹ̀. Bí apá alábàárù bá dá, ìkòkò ilé rẹ̀ ni ó dá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ṣe àpẹẹrẹ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ti ṣẹlẹ̀. Àbúrò ni ó jẹ́ fún mi lẹ́nu iṣẹ́. Ní òru ọjọ́ kan, bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí ń gbé páálí mú apá aṣọ rẹ̀, ó sì fà á. Kí ẹnì kan tó sáré pa ẹ̀rọ, apá ọ̀tún ti dá ní ibi méjì. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ sáré sí i. Ọ̀kan di èjìká mú, èkejì fa ọwọ́, wọ́n ní kí ó lè tọ́. Ilẹ̀ kò tí ì mọ́ tí wọ́n fi gbé e lọ sọ́dọ̀ teguntegun. Wọ́n fi ọparun àti aṣọ dì í le dáadáa. Ní ọjọ́ kẹta, ìka rẹ̀ wú, ó ń tutù, ọwọ́ náà sì rọ láti ọrùn ọwọ́ bí ewé tí oòrùn pa. Kò lè gbé e sókè.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó wá kan ilẹ̀kùn mi. Mo dé ibẹ̀, mo bi wọ́n pé, ‘Ìgbà wo ni ọwọ́ yìí rọ? Ṣé lórí ẹ̀rọ ni, ṣé ìgbà tí ẹ fà á ni, àbí ìgbà tí ẹ dì í?’ Wọ́n ń wo ojú ara wọn. Kò sí ẹni tí ó wò ó ní òru ọjọ́ náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ìbéèrè kan náà ni dókítà bi wá nígbà tí a dé Ìlọrin, ìbéèrè kan náà sì ni àwọn tí ń san owó ẹ̀san bi wá lẹ́yìn náà. A kò ní ìdáhùn fún ẹnì kankan.

N kò wá bá teguntegun jà o. Bàbá tí ó bí mi, ọwọ́ teguntegun ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san, ó sì rin ẹsẹ̀ náà títí ó fi kú. Eegun púpọ̀ ni ó ti jinná lọ́wọ́ wọn ní ilẹ̀ Yorùbá kí ilé ìwòsàn tó dé. Àwọn kan nínú wọn máa ń dá ẹsẹ̀ adìyẹ ní ọjọ́ tí wọ́n bá gba aláìsàn, wọn a sì máa tọ́jú méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn, wọn a ní ti ènìyàn náà ti jinná. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n adìyẹ kì í gbé àpò símẹ́ńtì. Ohun tí mo ń bá jà ni ìdì tí ó le jù. Apá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá yóò wú, dandan ni. Bí ohun tí a fi dì í kò bá fún un láyè, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ìka mọ́. Bí ìka bá ń tutù, tí ó ń dúdú, tí ó ń kú tipiri, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i bí wọ́n bá na ìka náà, ẹ tú ìdì yẹn lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe teguntegun ni ó dì í, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì tí ó fi pọ́ọ̀pù dì í. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ọwọ́ tí a gé kò sí ẹni tí ó lè tò ó padà.

Nísinsìnyí, kí ni ó mú kí ọwọ́ rọ? Àwa a máa pe ohun púpọ̀ ní iṣan. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan ni. Èyí tí ó so ẹran mọ́ eegun, iṣan náà ni. Ṣùgbọ́n irú kẹta wà tí ó dà bí wáyà iná: òun ni ó ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ dé ọwọ́. N ó máa pè é ní iṣan àṣẹ, kí ó má baà dàrú mọ́ ti ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ̀kalẹ̀ láti abíyá, ó gba ẹ̀yìn eegun apá kọjá, ó lọ́ mọ́ ọn bí ìtàkùn ti ń lọ́ mọ́ igi, ó sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ ìta lókè ìgúnpá. Òun ni ó ń pàṣẹ fún ọrùn ọwọ́ kí ó gbéra, àti fún ìka àti àtàǹpàkò kí ó nà. Ẹ rí i pé ojú eegun gan-an ni ó ń gbà. Bí eegun bá ṣẹ́ láàrin, etí eegun tí ó mú bí ọ̀bẹ lè gún un, tàbí kí eegun há a mọ́ àárín. Nínú ènìyàn 10 tí eegun yìí dá ní àárín, bí 1 ni iṣan àṣẹ rẹ̀ máa ń farapa lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn a máa padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀ láàrin oṣù díẹ̀, nítorí pé ó pa lára ni, kò já. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ tí ó sì rọ lẹ́yìn tí ẹnì kan fà á, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, dókítà sì gbọ́dọ̀ mọ̀, nítorí ó lè yí ìpinnu rẹ̀ padà.

Gbogbo yín, ẹ na apá yín síwájú. Ẹ gbé ọwọ́ sókè láti ọrùn ọwọ́, bí ọlọ́pàá tí ń dá mọ́tò dúró. Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà mọ̀ ọ́n dáadáa, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é sí yín. Ó tán. Ẹ na àtàǹpàkò sókè, bí ẹni tí ń bẹ ọkọ̀ kí ó gbé òun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka ra ẹ̀yìn ọwọ́, láàrin àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀. Ẹni tí apá rẹ̀ dá, kí a tó fọwọ́ kan an, kí a tó dì í, kí a tó gbé e, a ó ní kí ó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Bí ó bá lè ṣe é, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Kí n wá sí ọ̀rọ̀ irin. Kì í ṣe gbogbo apá tí ó dá ni wọ́n ń là. Dókítà kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Augusto Sarmiento kọ ọ́ sínú ìwé àwọn dókítà ní ọdún 1977 pé, bí wíwú àkọ́kọ́ bá ti lọ sílẹ̀, ike líle tí a rọ bí apá ẹ̀wù, tí a sì dè yí apá ká, tó láti mú eegun náà dúró. Ẹran apá ni yóò há eegun mọ́, ìwúwo ọwọ́ ni yóò sì fà á kí ó tọ́. Púpọ̀ nínú eegun apá tí ó dá ní ibi kan ni ó ń jinná báyìí láìsí abẹ. Nítorí náà, bí dókítà bá ní kò sí iṣẹ́ abẹ fún ọ, má ṣe rò pé nítorí pé o kò lówó ni.

Àwọn mìíràn, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń fi sí i. Dókítà yóò la apá náà gùn díẹ̀, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí iṣan àṣẹ tí mo sọ, yóò yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì fi sùkúrúù de irin mọ́ ara eegun. Dókítà púpọ̀ fẹ́ràn èyí fún eegun apá nítorí kì í kan èjìká. Ọ̀nà kẹta ni irin gígùn, èyí tí òyìnbó ń pè ní ìṣó. Inú ihò mùdùnmúdùn ni yóò wọ̀, bí ìgbà tí a bá ki ọ̀pá irin bọ inú páìpù kan tí ó kán. Ó wúlò pàápàá fún eegun tí ó dá ní ibi méjì, fún eegun tí àrùn ti jẹ tẹ́lẹ̀, àti fún ẹni tí ó farapa káàkiri ara tí a kò fẹ́ kí ó pẹ́ lórí tábìlì.

Ara Jámánì kan, Gerhard Küntscher, ni ó sọ irin inú eegun di ohun tí ayé mọ̀. Ní ìlú Kiel ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939, eegun itan ni ó sì fi ṣe. Nígbà tí ó gbé e lọ bá ẹgbẹ́ àwọn dókítà abẹ ní Berlin ní 1940, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní tani yóò ki irin bọ mùdùnmúdùn ènìyàn kí ó má kú? Ogun sì ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tí àwọn Jámánì mú, tí wọ́n sì tọ́jú, padà délé pẹ̀lú irin nínú itan. Ẹnu ya àwọn dókítà wọn nígbà tí wọ́n wo ẹ́síréè. Báyìí ni ìmọ̀ náà ṣe gba ọwọ́ ọ̀tá dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Ní tiwa, ogun kan náà ni ó bí ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbòbí ní Èkó. Ibùdó ìtọ́jú ọmọ ogun tí ó farapa ni tẹ́lẹ̀, kí ó tó di ilé ìwòsàn eegun ní 1945.

Mo ti ń yí po láti àárọ̀. Ibi tí mo ń lọ nìyí: irin náà gbọ́dọ̀ gba ibì kan wọlé. Ọ̀nà méjì ni ó wà, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní owó ibodè tirẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni ti èjìká. Wọn yóò gbé orí ibùsùn sókè, aláìsàn yóò rọ̀gbọ̀kú bí ẹni tí ó wà lórí àga onítànṣán. Dókítà yóò la ibi kékeré kan ní ṣóńṣó èjìká, yóò ya ẹran tí ó nípọn níbẹ̀ sí méjì, kò ní gé e, ṣe ni yóò yà á bí a ti ń la igi tẹ̀lé ojú rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ yà á ju bí sẹ̀ǹtímítà 5 lọ sísàlẹ̀ láti ṣóńṣó eegun èjìká, nítorí iṣan àṣẹ mìíràn gba ibẹ̀ kọjá, òun ni ó ń pàṣẹ fún ẹran náà kí ó gbé apá sókè. Lábẹ́ ẹran yìí, yóò bá àwọn iṣan líle tí ó bo orí eegun bí fìlà. Ó gbọ́dọ̀ la fìlà yìí kí irin tó lè wọlé. Ibẹ̀ ni owó ibodè wà. Bí kò bá rán an padà dáadáa, tàbí bí ìdí irin bá yọrí síta, èjìká yóò máa dùn ènìyàn, apá kò sì ní fẹ́ kọjá etí. Kódà nígbà tí gbogbo rẹ̀ lọ déédéé, àwọn kan a máa ráhùn èjìká lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ó bá ti kọjá fìlà, yóò lu orí eegun, yóò ti irin sọ̀kalẹ̀ kọjá ibi tí ó dá, yóò sì fi sùkúrúù dè é lókè àti nísàlẹ̀. Láìsí sùkúrúù, eegun yóò máa yí lórí irin bí táyà lórí ááṣù. Sùkúrúù ti ìsàlẹ̀ ni ó gba ìṣọ́ra jù, nítorí iṣan àṣẹ tí ó lọ́ mọ́ eegun ti wà nítòsí ibẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá náà kò sì jìnnà. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gún un láti òkè awọ. Yóò la ibẹ̀ tó láti fi ojú rí eegun kí ó tó lù ú.

Ọ̀nà kejì ni ti ìgúnpá. Aláìsàn yóò dojú bolẹ̀, tàbí kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Dókítà yóò la ẹ̀yìn apá lókè ìgúnpá, yóò ya ẹran ẹ̀yìn apá, yóò sì gbẹ́ ihò tí ó dà gẹ̀rẹ̀ sára eegun, díẹ̀ lókè kòtò tí orí ìgúnpá máa ń sinmi sí. Láti ibẹ̀ ni irin yóò ti gòkè. Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan fìlà èjìká. Ṣùgbọ́n owó ibodè tirẹ̀ ni pé eegun ti fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Ihò mùdùnmúdùn inú eegun apá kì í dé ìsàlẹ̀ pátápátá bíi ti itan. Ó ń há bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀, ó sì ń dí kí ó tó dé ìgúnpá. Bí dókítà bá gbẹ́ ẹnu ọ̀nà kéré jù tí ó sì fi ipá ti irin, eegun lè tún là ní ibi tuntun. Ìdí nìyí tí eegun tí ó dá nítòsí ìgúnpá gan-an kò fi ṣeé ki irin gígùn bọ̀, àti ìdí tí wọ́n fi ń gba ọ̀nà èjìká fún èyí tí ó dá lókè.

Ẹ ó rí i pé bí eegun ṣe dá ni ó ń sọ ọ̀nà tí ó ṣeé gbà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọ̀nà méjèèjì ṣeé gbà, irin pẹlẹbẹ náà sì ṣeé lò. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe ti gbọ́dọ̀ wọ ọ̀rọ̀. Ìwé tí wọ́n ń gbé fún wa kí a fọwọ́ sí, a máa ń sáré fọwọ́ sí i nítorí ẹ̀rù ń bà wá. Dókítà rí wa nínú aṣọ ilé ìwòsàn. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé orí tírélà ni ọ̀kan ń gbé ẹrù sí, tí èkejì sì jẹ́ télọ̀? Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbé nǹkan kọjá orí, èjìká ni ọjà rẹ̀. Kí ó sọ ọ́ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé: ‘Dókítà, alábàárù ni mí, òkè ni mo máa ń gbé ẹrù sí. Ibo ni irin yìí yóò gbà wọlé? Ṣé kò sí ọ̀nà tí kò ní kan èjìká mi?’ Bí ó bá ní kò sí, kí ó ṣàlàyé ìdí. N kò tí ì rí dókítà tí ó bínú sí ìbéèrè yìí bí a bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í. Ẹni tí ó ń gba ẹ̀yìnkùlé sá fún mi yẹn gan-an, òun ni ó ya àwòrán ọ̀nà méjèèjì fún mi sẹ́yìn àpò ìwé ẹ́síréè. Mo ní in nílé títí di òní.

A kò mọ èyí nígbà ti àbúrò wa. Apá rẹ̀ dá ní ibi méjì, nítorí náà irin gígùn tọ́ sí i. Nítorí pé a kò lè sọ ìgbà tí ọwọ́ rọ, dókítà ní òun kò lè ti irin kọjá láìwò. Ó kọ́kọ́ la ibi tí eegun ti dá, ó rí iṣan àṣẹ, ó pa lára, kò já. Lẹ́yìn náà ni ó gba èjìká ti irin wọlé. Ní oṣù kẹrin, ọrùn ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe bí ọlọ́pàá sí mi, èmi àti ìyàwó rẹ̀ sunkún. Eegun náà jinná dáadáa. Ṣùgbọ́n èjìká kò padà bọ̀ sípò pátápátá. Ó ń jẹun, ó ń wọ aṣọ, ó ń gun kẹ̀kẹ́; kò lè gbé páálí kọjá orí. Ó ti kúrò ní ìdí ẹrù, ó wà ní ìdí ìwé ibi ìkẹ́rùsí, owó rẹ̀ sì dínkù. N kò sọ pé ọ̀nà mìíràn ìbá dára jù fún un. Dókítà ní bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé kò sí ẹni tí ó bi í.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn kan yóò fẹ́ bi mí, nípa ẹ̀rọ tí ń fi àwòrán inú ara hàn bí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí iṣẹ́ abẹ ń lọ. Òtítọ́ ni pé ní ìlú òyìnbó, òun ni wọ́n fi ń wo ibi tí sùkúrúù ń lọ. Ilé ìwòsàn púpọ̀ lọ́dọ̀ wa kò ní in. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Lewis Zirkle, tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú ogun Vietnam, rí irú ìṣòro yìí ní àwọn ilẹ̀ aláìní. Ní 1999, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SIGN. Irin tiwọn ní apá kan níta tí ó ń tọ́ka sí ibi tí ihò sùkúrúù wà nínú eegun, tí dókítà fi lè bá a láìsí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún àwọn ilé ìwòsàn tí ó bá wọn ṣe pọ̀, kí irin náà má baà di gbèsè sí aláìsàn lọ́rùn, dókítà a sì máa fi àwòrán ẹ́síréè iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn. Kò jìnnà sí wa: ní ọdún 2007, àwọn dókítà ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà eegun àgbáyé pé àwọn fi sùkúrúù de irin sínú eegun láìlo ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n yẹn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé ìmọ̀ yìí kò sí ní ilẹ̀ wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ òfin, n kò ní fi gùn. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ni ó rọ́pò ti àtijọ́, àjọ NSITF ni ó sì ń bójú tó o. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń san owó sí àpò náà, náírà 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó yín. Òṣìṣẹ́ tí ó farapa gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí láàrin ọjọ́ 14. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi tó àjọ létí láàrin ọjọ́ 7. Kì í ṣe inú ọgbà ilé iṣẹ́ nìkan. Ẹni tí ó farapa lójú ọ̀nà láti ilé rẹ̀ sí ibi iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ní ti àbúrò wa, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ parí sórí ọparun àti àdúrà, ìwé ilé iṣẹ́ sì pẹ́ kí ó tó jáde. Nígbà tí ó jáde, wọ́n kọ ọ́ pé apá ni ó dá; wọn kò mẹ́nu kan ọwọ́ tí ó rọ. Oṣù mẹ́sàn-án ni a fi bá wọn fà á. Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà àti ọlọ́kadà tí ẹ ń wa ọkọ̀ ara yín, ẹ kò ní agbanisíṣẹ́, òfin yìí kò ro tiyín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo lórí àpò ìrànwọ́ ẹ̀ka, tí ẹ sì ń sọ pé mo fẹ́ràn owó ìdá.

Nígbà tí mo sì ti dárúkọ dẹ́rẹ́bà: ìgúnpá tí ẹ máa ń gbé lé ojú fèrèsé nítorí atẹ́gùn, ẹ gbé e wọlé. Tírélà tí ó bá fi ara nu ọkọ̀ yín kì í mọ̀ pé ìgúnpá wà níbẹ̀. Àwọn dókítà ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú ìfarapa yìí, bí ó ti wọ́pọ̀ tó. Ó máa ń fọ́ eegun wẹ́wẹ́ ní ìsàlẹ̀ apá, níbi tí mo sọ pé irin gígùn kò lè dé, ọgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń kún fún gíláàsì àti eruku. Eegun tí ó yọ síta, ẹ má tì í padà. Ẹ fi aṣọ tí ó mọ́ bò ó, kí ẹ sì sáré. Oògùn tí ń pa kòkòrò gbọ́dọ̀ tètè wọ ara rẹ̀. Àti ẹ̀yin ọmọ Ìyẹ̀rú Òkín tí ẹ ń fi ọwọ́ jìjàkadì lórí tábìlì ní kàǹtíìnì, mo mọ̀ pé ìjàkadì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa ní Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ìlọ́po yẹn gan-an ni ó máa ń lọ́ eegun apá já. Òkan nínú àwọn mẹ́ta tí mo tẹ̀lé lọ sí Ìlọrin, lórí tábìlì oúnjẹ ni tirẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Mínírà ni wọ́n fi ta á.

Mo ti ra aṣọ onígun mẹ́ta 6 fún ìkọ́rùn, mo sì ti ní kí káfíńtà wa gé pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́rin tí a fi fóòmù bò. Wọ́n wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ẹ̀ka, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tí a là sí mẹ́ta: aago tí ó ṣẹlẹ̀, ohun tí ọwọ́ lè ṣe kí a tó fọwọ́ kan an, orúkọ ẹni tí ó rí i. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, èkejì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru, kí ẹ yan ẹnì kan kí ìpàdé yìí tó tú ká, kí a lè fún un ní ẹ̀kẹta.